Ọ̀nà Wo Ló Yẹ Kí Ẹ Gbà Wá Òṣìṣẹ́ Tuntun ní Èkó? Ìfiwéra fún Àwọn Agbanisíṣẹ́

Ní ìlú Èkó, àìsí ẹni tó ń wá iṣẹ́ kọ́ ni ìṣòro agbanisíṣẹ́. Bí ẹ bá lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní Ìdúmọ̀tà láàárọ̀, àwọn èèyàn yóò ti máa béèrè ọ̀gá kí oòrùn tó kan àtàrí. Bí ẹ bá sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà tí yóò wọlé lè pọ̀ ju èyí tí ẹnì kan lè kà tán lọ. Ibi tí ìṣòro wà ni pé ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí a ń gbà wá èèyàn ló ní irú èèyàn tó máa ń mú wá, ó ní iye tó ń náni, ó sì ní ewu tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ kì í yan ọ̀nà rárá. Èyí tó bá kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn ni wọ́n ń tọ̀, ìyẹn sì sábà máa ń jẹ́ kí wọ́n pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lórí fóònù. Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ níhìn-ín ni ẹni tó ní ilé iṣẹ́ kékeré tàbí alábọ́ọ́dé, ìbáà jẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni o tàbí ní Yábà, Mùṣín àti Ìkẹjà, tí kò ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, tó sì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ẹni náà, òun ni yóò dán an wò, òun náà ni yóò sì sanwó rẹ̀.

Ohun tí a ó fi wọn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan

Owó ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń wò, wọn a sì máa ka owó ìpolówó nìkan. Owó tó tóbi jù wà níbòmíràn: wákàtí tí ọ̀gá fi ń ka lẹ́tà dípò kó bójú tó oníbàárà, ọjọ́ tí ipò náà fi ṣófo, àti àtúnbẹ̀rẹ̀ gbogbo wàhálà náà bí ẹni tuntun bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kejì. Owó oṣù fúnra rẹ̀ wà nínú ìṣirò yìí. Láti oṣù Keje ọdún 2024 ni owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà ti di 70,000 náírà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì kéde 85,000 náírà fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Òfin yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá iṣẹ́ kò ka ti òfin yẹn sí. Iye tó gbọ́ lórí rédíò ni yóò fi wọn iye tí ẹ bá dá. Bí òṣìṣẹ́ yín bá sì ti tó 15, òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 fẹ́ kí ẹ fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù wọn kún ìdá mẹ́jọ tí àwọn fúnra wọn yóò dá. Ẹni tí kò bá ka ìwọ̀nyí mọ́ iye tó ń ná an kò tíì mọ iye tí òṣìṣẹ́ kan jẹ́.

Lẹ́yìn owó, ẹ wo bí ọ̀nà náà ṣe yá tó, ẹ wo bóyá àwọn tó mọ iṣẹ́ ló ń gba ibẹ̀ wá, kí ẹ sì wo bí ó ti rọrùn tó láti mọ ibi tí ẹ ti lè rí ẹni náà bí owó tàbí ọjà bá di àwátì. Nǹkan kan tún wà tí àwọn agbanisíṣẹ́ kì í rò títí tí yóò fi dé bá wọn: bí ó ti rọrùn tó láti bá ẹni náà pínyà bí iṣẹ́ kò bá bá a mu. Mo ka èyí sí ìdajì gbogbo ọ̀rọ̀, nítorí pé ẹni tí a kò lè dá dúró bí kò bá ṣe dáadáa yóò máa jókòó síbẹ̀, a ó sì tún wá ẹlòmíràn tí yóò máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ibi tí èèyàn ń gbé náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní Èkó. Ẹni tó ń ti Ìkòròdú wá sí Marina lójoojúmọ́, tí owó ọkọ̀ ń jẹ apá ńlá nínú owó oṣù rẹ̀, lè jẹ́ òṣìṣẹ́ tó dára jù lọ ní oṣù àkọ́kọ́, kó sì ti máa wá iṣẹ́ mìíràn ní oṣù kẹta. Ọkọ̀ ojú irin ti yí ìṣirò yìí padà díẹ̀: láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni Blue Line ti ń kó èrò láti Mile 2 dé Marina, Red Line sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Àgbádó àti Ọyìngbò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Nítorí náà, ẹ má kàn bi ẹni náà pé àdúgbò wo ló ń gbé. Ẹ bi í pé ọkọ̀ wo ni yóò wọ̀, aago mélòó ni yóò jáde nílé, àti iye tí àlọ àti àbọ̀ yóò ná an.

Ẹbí, ojúlùmọ̀ àti ìjọ

Ọ̀nà yìí ló wọ́pọ̀ jù, ó sì tọ́ kí a dúró tì í pẹ́. Kì í náni ní owó ìpolówó kankan, èèyàn lè dé lọ́jọ́ kejì, ní ti mímọ ibi tí a ó ti rí ẹni náà, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tó bá a dọ́gba: ẹ mọ ilé bàbá rẹ̀, ẹ mọ pásítọ̀ tàbí lèmọ́ọ̀mù rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí òun bá hùwà burúkú, ìròyìn náà yóò dé ilé ṣáájú òun. Fún ẹni tí yóò máa mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́, tàbí tí yóò máa gbowó lọ sí báńkì, ohun ńlá ni èyí jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìpínyà ṣe máa ń rí. Bí ẹ bá dá ọmọ ẹ̀gbọ́n yín dúró, ẹ kò dá òun nìkan dúró. Ìyá rẹ̀ yóò pè, àwọn àgbà méjì yóò wá jókòó sí pálọ̀ yín, wọn yóò ní ọmọ yín ni, kí ẹ fi orí jì í, ọ̀rọ̀ náà yóò sì tún dìde níbi ìsìnkú tàbí ìkómọ tó bá tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ti yàn láti máa san owó oṣù fún ẹni tí kò ṣiṣẹ́, torí pé ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn ju kí wọ́n dójú ti ẹbí lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù sì ń wò. Nígbà tí gbogbo wọn ń pè yín ní ọ̀gá, tí ẹnì kan nínú wọn ń pè yín ní bọ̀ọ̀dá tàbí àǹtí lójú oníbàárà, kò sí ẹni tí yóò wá sọ fún yín pé onítọ̀hún kì í dé lásìkò. Ìwà àìtọ́ náà kì í sì í ṣe ti òṣìṣẹ́ nìkan, nítorí pé ọ̀gá tí kì í jẹ àjèjì ní owó oṣù lè jẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní oṣù méjì, kó ní ẹbí ni, yóò yé e.

Ewu kejì ni pé irú èèyàn kan náà ni ọ̀nà yìí ń mú wá. Bí gbogbo òṣìṣẹ́ yín bá ti ìlú kan tàbí ìjọ kan wá, ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn yóò gbàyè fún ìnáwó, ẹ̀yin náà yóò sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ẹbí lọ́rùn, tí ṣọ́ọ̀bù yóò wà ní títì.

Síbẹ̀, ọgbọ́n kan wà tó sọ ọ̀nà yìí di èyí tó dára gan-an. Onímọ̀ nípa àwùjọ kan ní Amẹ́ríkà, Mark Granovetter, fi hàn ní ọdún 1973 pé ọ̀dọ̀ àwọn ojúlùmọ̀ tí a kì í rí lójoojúmọ́ ni ìròyìn iṣẹ́ ti sábà máa ń wá, ju ọ̀dọ̀ àwọn tó sún mọ́ wa jù lọ, torí pé ohun tí àwa mọ̀ náà ni àwọn tó sún mọ́ wa mọ̀. Ẹ lè fi èyí ṣiṣẹ́ láti ìhà ti agbanisíṣẹ́. Ẹ kúrò lọ́dọ̀ ẹbí, kí ẹ lọ bá oníbàárà yín, ẹni tó ń kó ọjà fún yín, aládùúgbò ṣọ́ọ̀bù yín, tàbí ẹni tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Kí ẹ má sì bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ mọ ẹnì kan tó ń wá iṣẹ́?" nítorí pé gbogbo èèyàn ló ní ẹnì kan nílé tó ń wá iṣẹ́. Ẹ bi wọ́n pé, "Ta ni ẹ ti fojú ara yín rí tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí dáadáa?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ ń mú ẹni tí àánú rẹ̀ ń ṣe wọ́n wá, ìkejì ń mú ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wú wọn lórí wá.

Bí ó bá sì di dandan kí ẹ gba ẹbí, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn tí kì í ṣe ẹbí jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ fún un ní ìwé ìgbàsíṣẹ́ bíi ti gbogbo èèyàn, kí ẹ sì sọ fún àwọn òbí rẹ̀ ṣáájú ohun tí yóò mú kí ẹ dá a dúró.

Ìwé lẹ́nu ọ̀nà àti WhatsApp àdúgbò

Kò sí ọ̀nà tó yá ju èyí lọ fún ọmọ ìtajà, ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún èèyàn ní búkà, ẹni tó ń di ọjà, tàbí ẹni tó ń tọ́jú ilé iṣẹ́. Àǹfààní rẹ̀ tó tóbi jù ni pé nítòsí ni ẹni tó rí ìwé náà sábà máa ń gbé, èyí tó mú ìṣòro owó ọkọ̀ kúrò. Kì í mú ẹni tó ní ìmọ̀ àkànṣe wá, ẹ má sì retí rẹ̀.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ọ̀nà yìí ni pé ẹ kò mọ ẹni náà rí, ìdí nìyẹn tí fọ́ọ̀mù onídùúró fi gbilẹ̀ ní Èkó. Bí ó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, ìwé lásán ni fọ́ọ̀mù náà: òṣìṣẹ́ yóò gbà á lọ, yóò dá a padà pẹ̀lú fọ́tò àti ìbuwọ́lùwé ẹnì kan tí ọ̀gá kò ní rí láé. Onídùúró tó ní láárí ni èyí tí ẹ lọ bá níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun mọ ọmọ náà, tó sì mọ ohun tí òun fọwọ́ sí. Onídùúró méjì ló dára, kí ẹnì kan nínú wọn má sì jẹ́ ẹbí. Bí ẹ bá gba nọ́ńbà NIN, àdírẹ́sì àti fọ́tò lọ́wọ́ àwọn tó wá, ẹ rántí pé òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 kan ẹ̀yin náà. Fọ́ọ̀mù àwọn tí ẹ kò gbà kì í ṣe ohun tí a ń dì sínú báàgì ní ẹ̀yìn káńtà, tàbí èyí tí a fi ń pọ́n àkàrà.

Íntánẹ́ẹ̀tì

Iṣẹ́ tó ní í ṣe pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, ìṣirò owó, ìpolówó ọjà àti àbójútó oníbàárà ni ọ̀nà yìí ti wúlò jù. Jobberman, ìkànnì ìwáṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 2009, ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ń kọ́kọ́ lọ. LinkedIn ni àwọn tó ti níṣẹ́ lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń wo bóyá èyí tó sàn jù ú lọ wà, ń lò. Bí ẹni tí ẹ ń wá bá ti ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn báyìí, ìwé lẹ́nu ọ̀nà kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹbí yín náà kò sì lè mọ̀ ọ́n.

Ọ̀pọ̀ yanturu ni àìdára rẹ̀. Ẹni tí kò tóótun àti ẹni tó tóótun ń tẹ bọ́tìnnì kan náà, ìsapá kan náà ni ó sì ń gbà wọ́n. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti ń bá èèyàn kọ lẹ́tà, lẹ́tà tó dùn kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun mọ́; ogún lẹ́tà lè wọlé tí gbogbo wọn ń fi ọ̀rọ̀ kan náà yin ara wọn. Nítorí náà, inú ìpolówó fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn tó yẹ. Ẹ kọ iye owó oṣù, ẹ kọ àdúgbò tí iṣẹ́ wà, ẹ kọ ọjọ́ àti aago iṣẹ́, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè kúkúrú méjì tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà nìkan lè dáhùn. Àwọn tí owó yẹn kò tó fún yóò yà sẹ́yìn fúnra wọn, àwọn tí kò ka ìpolówó tán yóò sì fi ara wọn hàn. Ìpolówó tó ń wá ẹni tí kò ju ọmọ ọdún 25 lọ, tó sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún, tó sì ní kí owó oṣù jẹ́ ohun tí a ó jọ sọ, ń lé àwọn tó gbọ́n sá ni.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ẹ̀rù yín ń ba àwọn tó ń wá iṣẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti pè rí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó wá di ìpàdé àwọn tó ń wá ẹni tí yóò ra ọjà tí yóò sì tún wá ẹlòmíràn wá rà, tàbí tí wọ́n ti ní kó san owó fọ́ọ̀mù. Bí orúkọ ilé iṣẹ́ yín, àdírẹ́sì tó ṣe é dé, àti gbólóhùn kan pé ẹnikẹ́ni kò ní san kọ́bọ̀ kò bá sí nínú ìpolówó, àwọn tó ní ìwé tó dára jù ni wọn kò ní wá.

Aṣojú agbanisíṣẹ́

Oríṣi méjì ni wọ́n. Àkọ́kọ́ ń bá yín wá èèyàn, ó ń gba owó rẹ̀, ó sì ń lọ. Ìkejì ni èyí tí òṣìṣẹ́ ń wà lábẹ́ rẹ̀ títí, tó ń san owó oṣù wọn, tí ẹ̀yin sì ń sanwó fún un lóṣooṣù, bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ ọlọ́dẹ àti àwọn tó ń gbá ilé iṣẹ́ ní Broad Street àti Victoria Island. Òun ló gbowó lórí jù nínú gbogbo ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá nílò ogún èèyàn ní oṣù kan, tàbí ẹnì kan tó ní ìmọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín kò lè dán wò, owó náà lè tọ́ sí wọn. Ìpínyà náà rọrùn, nítorí pé aṣojú ni yóò mú ẹlòmíràn wá.

Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà fẹ́ kí ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ fún ẹlòmíràn gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, nítorí náà ẹ ní kí ó fi tirẹ̀ hàn yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ bi í nípa iye oṣù tí yóò fi ṣe ìpààrọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹni náà bá lọ. Ẹ béèrè, kó sì wà nínú ìwé, iye tí yóò dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ gan-an nínú owó tí ẹ ń san, torí pé ẹni tí aṣojú ń jẹ nínú owó rẹ̀ kò ní bínú sí aṣojú nìkan. Ilé iṣẹ́ yín ló wà, ọjà yín ló wà nítòsí rẹ̀. Ní ti àwọn aṣojú tó ń kó ọmọ ọ̀dọ̀ wá láti ìgbèríko àti láti òkèèrè, ẹ ṣọ́ra gidigidi: òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2007, ka ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé.

Akẹ́kọ̀ọ́, àgùnbánirọ̀ àti ọmọ ìkọ́ṣẹ́

Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù fún ilé iṣẹ́ tó lè ní sùúrù, àwọn agbanisíṣẹ́ kéékèèké kì í sì í lò ó tó bí ó ti yẹ. Láti ọdún 1973 ni ètò SIWES ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé iṣẹ́ láti kọ́ iṣẹ́, Yaba College of Technology àti UNILAG sì wà láàárín ìlú níbí, pẹ̀lú LASU ní Òjó àti yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìpínlẹ̀ ní Ìkòròdú. Ẹni tó jáde ní pólì pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ND sábà máa ń wá ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́ fún ọdún kan kó tó padà lọ fún HND. Àgùnbánirọ̀ náà wà, ẹni tí ìjọba àpapọ̀ ń san 77,000 náírà fún lóṣooṣù, tí ẹ̀yin sì lè fi díẹ̀ kún un.

Owó tí wọ́n ń náni kéré, àmọ́ wọ́n ń jẹ àkókò, nítorí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́ wọn. Ohun tí ẹ ó rí gbà ni pé ẹ ó fi oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan wo ẹni náà lẹ́nu iṣẹ́ gan-an, bí ó ṣe ń ṣe nígbà tí iná lọ, nígbà tí oníbàárà ń pariwo, nígbà tí ẹ kò sí nítòsí. Kò sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó lè fi ìyẹn hàn yín. Ìpínyà ti wà nínú ètò náà fúnra rẹ̀: bí kò bá bá yín mu, àkókò rẹ̀ yóò pé, yóò kí yín, yóò lọ. Bí ó bá bá yín mu, ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí àkókò tó pé, kí ẹlòmíràn má baà gbà á mọ́ yín lọ́wọ́. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ti télọ̀, mẹkáníìkì àti àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village wà ní ọ̀nà kan náà. Èyí tó gba ìyọ̀ǹda tán tí kò sì tíì rówó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lè jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ṣeyebíye, bí ẹ bá gbà pé yóò lọ lọ́jọ́ kan.

Ẹni tó bá fẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ lè kàn sí Lagos State Employment Trust Fund pẹ̀lú, àjọ tí òfin ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2016. Kì í yá, ṣùgbọ́n kò gba owó púpọ̀.

Ìdánwò tí ọ̀nà kankan kò lè rọ́pò

Ọ̀nà tí ẹni náà gbà wá kò sọ fún yín bóyá ó mọ iṣẹ́. Ní ọdún 1998, Frank Schmidt àti John Hunter kó ìwádìí ọdún 85 jọ lórí bí a ṣe ń yan òṣìṣẹ́, wọ́n sì rí i pé mímú kí èèyàn ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, àti bíbi gbogbo àwọn tó wá ní ìbéèrè kan náà, ń sọ bí ẹni náà yóò ṣe ṣe dáadáa tó ju iye ọdún tó ti ṣiṣẹ́ tàbí iye ọdún tó lò nílé ẹ̀kọ́ lọ. Nígbà tí Paul Sackett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìṣirò náà ṣe ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ nínú àwọn iye náà lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó ní ìbéèrè kan náà fún gbogbo èèyàn ló wá bọ́ sí iwájú. A máa ń wí pé ojú lọ̀rọ̀ wà, a sì máa ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ pinnu ẹni tí a fẹ́, kí a tó fi ìyókù wákàtí náà wá ìdí fún un. Nínú ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́, ojú a máa tanni jẹ.

Nítorí náà, ẹ kọ ìbéèrè mẹ́fà tàbí méje sílẹ̀, kí gbogbo wọn dá lórí ohun tí ẹni náà ti ṣe rí, ẹ fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì lójú ẹsẹ̀, kí ẹni tó bá jókòó tì yín sì fún un ní tirẹ̀ kí ẹ tó bá ara yín sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní iṣẹ́ ṣe. Ẹni tí yóò ta aṣọ ní Balógun, ẹ fún un ní àǹkárá àti lésì, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó sọ iye rẹ̀, kí ẹnì kan sì ná an mọ́ ọn lọ́wọ́ bí oníbàárà tó le. Ẹni tí yóò máa ṣírò owó, ẹ fún un ní rìsíìtì ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ ti fi àṣìṣe méjì pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tí yóò máa fi ọ̀kadà gbé ọjà, ẹ bi í ní ọ̀nà tí yóò gbà láti Ojúẹlẹ́gbà dé Obáléńdé ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì wo ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀. Bí ìdánwò náà bá ju wákàtí díẹ̀ lọ, ẹ san owó rẹ̀. Ẹ pe ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan péré: "Bí àyè bá ṣí lọ́dọ̀ yín lónìí, ṣé ẹ ó tún gbà á?" Bí ẹni náà bá dákẹ́ díẹ̀ kó tó fèsì, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

Òfin Iṣẹ́ fún yín ní oṣù mẹ́ta láti fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ owó, àkókò iṣẹ́ àti ìsinmi rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́ ló dára jù. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, ọjọ́ kan ni ìkìlọ̀ ìpínyà tí òfin béèrè. Lẹ́yìn ìyẹn títí di ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan ni. Òfin náà kò kan máníjà àti àwọn oníṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ bákan náà; fún wọn, ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn ni a ó tẹ̀ lé, nítorí náà ẹ má fi tiwọn ṣe àdéhùn ẹnu.

Ta ni kó yan èwo?

Bí ẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìdúmọ̀tà tàbí ní Òkè-Àrín, tí owó àti ọjà sì ń gba ọwọ́ òṣìṣẹ́ kọjá ní gbogbo ọjọ́, ẹ lọ nípasẹ̀ ojúlùmọ̀ tó ti rí ẹni náà lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ yẹra fún ẹbí tímọ́tímọ́, kí ẹ sì lọ rí onídùúró kan ó kéré tán fúnra yín. Bí ẹ bá ní búkà, ibi ìfọṣọ tàbí ilé ìtajà ńlá ní Ṣúrúlérè, níbi tí èèyàn ti ń lọ tí òmíràn ń bọ̀, ìwé lẹ́nu ọ̀nà àti WhatsApp àdúgbò ti tó. Ẹ fi owó tí ẹ bá fi pamọ́ kún owó oṣù wọn, wọn yóò pẹ́ díẹ̀ sí i. Ilé iṣẹ́ tó ń wá oníṣirò owó, ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà tàbí máníjà kò ní ibi tó dára ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ, bí ó bá lè ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ láti yanjú lẹ́tà, bí kò bá sì lè yà á sọ́tọ̀, kó san owó aṣojú tó níwèé àṣẹ. Aṣojú náà ni mo fi ọlọ́dẹ àti òṣìṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sílẹ̀ fún.

Ẹni tó mọ̀ pé òun yóò nílò èèyàn ní ọdún tó ń bọ̀, tí kò sì kánjú, kó kọ lẹ́tà sí ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí rẹ̀ báyìí, kó gba akẹ́kọ̀ọ́ méjì fún ipò kan, kó sì ní ẹni tó máa kọ́ wọn. Ní ti ẹni tó nílò èèyàn lọ́la, nítorí pé òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò wá lónìí tí kò sì gbé fóònù, kó gba ẹni tí yóò máa san owó fún lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó sọ fún un kedere pé ọ̀sẹ̀ méjì ni, kó sì fi àkókò náà wá ẹni tó fẹ́ gan-an.